Orí Kejì Rọ́bà Náà Wà Lọ́wọ́ Wọn

Ọwọ́ òsì ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè bàbá àgbà mi. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìgbà ọyẹ́. Àfáà tó ń ṣe àdúà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo bu ú lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kúrò lẹ́nu ihò náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú àpò dàńṣíkí, níbi tí mo máa ń kì í bọ̀ kí ojú má baà rí i.

Àwọn ará ilé ní kí n kọ nǹkan nípa Bàbá àgbà, nítorí pé èmi ni mo pẹ́ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àti nítorí pé mo mọ̀wé. Ìwé tí mo mọ̀ kò pọ̀. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà. N kò lè kọ ìtàn ìgbésí ayé Bàbá àgbà. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn fúnra wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí wọ́n máa ń ṣe, ohun tí wọ́n máa ń sọ, àti ohun tí wọ́n ṣe fún mi ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé.

Ahunṣọ òkè ni wọ́n. Bàbá Olófì ni gbogbo àdúgbò wa ní Ìṣẹ́yìn ń pè wọ́n. Òfì mẹ́rin ló wà lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé wa. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, báyìí ló rí: ahunṣọ jókòó sẹ́nu òfì, òwú tó fẹ́ hun nà lọ gbọọrọ síwájú rẹ̀, òkúta ńlá kan tí a gbé ka orí pákó ló sì fà á le lọ́hùn-ún. Bí ó ti ń hun, tó ń ká aṣọ mọ́ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òwú ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òkúta bá dé ìdí òfì, aṣọ parí.

Bàbá àgbà kì í fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ gbójú sókè wo òkúta. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọn yóò bá a wí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tán. Ẹni tó bá sùn sẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò bu omi sí i lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo òkúta, wọn yóò dá a dúró, wọn yóò gbé ọ̀kọ̀ tí a fi ń ta òwú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọ̀la.

Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí wọ́n fún mi ní aṣọ tèmi láti hun. Etù ni. Mo hun ún fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n fọwọ́ pa á wò, wọ́n dákẹ́. Dídákẹ́ wọn ni ìyìn. Ní ọjọ́ karùn-ún mo gbójú sókè, mo rí i pé òkúta kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí mi. Inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀kọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, n kò lu òwú mọ́ra dáadáa mọ́. Ibi tó gbẹ̀yìn nínú aṣọ náà dẹ̀ bí àwọ̀n ẹja. Ẹni tó bẹ̀ wá níṣẹ́ kò gbà á.

Wọn kò nà mí. Wọ́n gé ibi tó dẹ̀ náà kúrò, wọ́n so ó mọ́ òpó tó kọjú sí mi, ó sì wà níbẹ̀ fún odidi ọdún kan. Wọ́n ní, "Àlàó, ẹnu òfì ni kí ojú rẹ wà. Òkúta mọ ọ̀nà ilé."

Èmi ni mo jẹ́ kí rọ́bà wọ ilé wa. Ìyá Rọ̀fíà, ìyàwó mi, kú nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí mo jí láàárọ̀ tí mo fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún ká aṣọ ìbora kúrò lára, tí ọwọ́ náà kò gbọ́. Ẹnu mi wọ́, ó sì padà. Ẹsẹ̀ mi wúwo, òun náà padà. Ọwọ́ kò padà. Ahunṣọ tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún, àlejò ni lábẹ́ àtíbàbà tirẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń retí kí ìyókù ara mi kú tẹ̀lé ọwọ́.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí dókítà ti ṣe tirẹ̀, wọ́n fà mí lé ọmọbìnrin kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ iṣan tó ti sùn bí yóò ṣe jí. Físíò ni gbogbo wọn ń pè é. Ó mú rọ́bà kan jáde, ó pọ́n bí èsúrú, ó fẹ̀ bí ìgbànú, ó sì fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó so orí kan mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó di orí kejì mú, ó ní kí n fà á wá sí àyà mi.

Ó ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fà á, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì dá a padà. Ìdápadà yẹn gan-an ni ìdajì iṣẹ́. Bí ó bá dùn yín bí ìgbà tí ọ̀bẹ ń géni, ẹ dúró. Bí ó bá kàn ń rẹ yín, ẹ má dúró."

Bàbá àgbà wà níbẹ̀, wọ́n gbé ọ̀pá ka itan. Wọ́n bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bàbá. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ahunṣọ ni wá. Kí la fẹ́ fi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ṣe?"

"Ọwọ́ yìí kì í ṣe ahunṣọ lónìí, bàbá. Ọmọ jòjòló ni."

Wọ́n wò ó títí. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé, wọ́n ní, "Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò bẹ̀rù irùngbọ̀n."

Agídí wọn kò kéré. Bí wọ́n bá ti mọ nǹkan kan lọ́nà kan, ọ̀nà náà nìyẹn. Òwú tó bá dẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn, ìyẹn ni àwa ahunṣọ kì í fi í sílẹ̀ láìfà á le. Bí a bá ti fa rọ́bà tán láàárọ̀, Bàbá àgbà kì í ká a jọ. Wọ́n á nà án láti òpó kan sí òpó kejì, wọ́n á fà á le gan-an, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú oòrùn àti ọyẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kó má baà ya ọ̀lẹ. Èmi náà ahunṣọ ni, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fà á láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó já, ó sì gbá mi létí. Ìrora rẹ̀ kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Mo rò pé ohun tó kù fún mi ló já yẹn.

Físíò wo ẹ̀já méjèèjì. Ó ti sán káàkiri bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. "Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa nà án sílẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ló ní bẹ́ẹ̀."

"Rọ́bà gbọ́dọ̀ sinmi, bàbá. Bí kò bá sinmi, kò ní lè padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan."

Kò ní òmíràn lọ́wọ́ láti fún wa. A ń lọ sílé, ẹ̀já rọ́bà méjèèjì wà lọ́wọ́ Bàbá àgbà, wọ́n ń fà á, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́. N kò tíì gbọ́ kí wọ́n gba ẹ̀bi rí láyé mi. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Mo kà á sí òwú. Àṣé ohun kan wà tó jẹ́ pé dídẹ̀ rẹ̀ ni agbára rẹ̀."

A kò lọ sílé tààrà. Wọ́n yà sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà lójú ọ̀nà Ṣakí, èmi náà sì tẹ̀lé wọn, mo fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún dání. Wọ́n bèèrè tíúbù ọ̀kadà tí kò wúlò mọ́.

Fọkanáísà ní, "Bàbá Olófì, ṣé ọ̀kadà lẹ fẹ́ máa gùn ni?"

"Ẹrù ni mo fẹ́ dì."

"Ẹrù wo? Ẹ jẹ́ kí n wá èyí tó yi."

"Èyí tó dúró lẹ́yìn mi yìí."

Ó bojú wẹ̀yìn wọn, èmi nìkan ló rí. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹrù yìí ga jù yín lọ. Tó bá já lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Bàbá àgbà ti ń na tíúbù náà wò. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti wà lọ́rùn mi. N kò tíì já a sílẹ̀ rí."

Wọ́n fi abẹ gé tíúbù náà ní gbọọrọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń bó ọsàn. A gbé e lọ fún Físíò. Ó fà á wò, ó ní ó le ju tòun lọ, ṣùgbọ́n yóò ṣe é bí a kò bá kánjú. Orí kan ni wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Orí kejì ni wọ́n fi àkísà etù wé, kó má baà gé wọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun àsúbáà tán, a ó gbé àpótí méjì kojú síra wọn lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti òpó, wọ́n á di orí tiwọn mú. Wọ́n á ní, "Dé àyà." Èmi á fà á. Kì í dé àyà. Bí a bá parí, wọ́n á tú u, wọ́n á ká a jọ, wọ́n á gbé e síbòòji bí ọmọ tó ń sùn.

Wọ́n gé ìwọ̀n kan nínú tíúbù náà fún ara wọn. Ẹsẹ̀ ni ahunṣọ fi ń tẹ òfì láti àárọ̀ dé alẹ́, orúnkún wọn sì ti ń dùn wọ́n tipẹ́tipẹ́. Bí a bá ti parí tèmi, wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á gbé rọ́bà kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n á máa fà á títí iṣan ẹ̀yìn orúnkún á fi nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dìde ní ìforíkanlẹ̀ láìdi ògiri mú. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá fà á. Èyí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti Àfáà.

"Bàbá, tẹ̀sùbáà lẹ fi ń ka rọ́bà?"

"Ọgbọ̀n lé mẹ́ta ni mò ń kà. Ṣé ó lé ni?"

"Orúkọ Ọlọ́hun la fi ń kà, bàbá. Kì í ṣe eré."

"Àfáà, ẹ jókòó síbí. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan péré."

Àfáà ká ẹ̀wù rẹ̀, ó jókòó. Òun náà kì í ṣe ọ̀dọ́. Ó gbé rọ́bà kọ́ ẹsẹ̀, ó fà á, iṣan rẹ̀ nà. Ó ní, "Yá Ọlọ́hun."

Bàbá àgbà ti ilẹ̀kẹ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ọ̀kan."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rántí rẹ̀ nítorí pé n kò rẹ́rìn-ín mìíràn ní oṣù náà.

Ohun tí ń pa mí kò ju èyí lọ: lójoojúmọ́ ni rọ́bà náà ń le bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò kan àyà mi. Oṣù kejì, kò kan àyà mi. Nígbà mìíràn ó máa ń kù bí ìwọ̀n ìka méjì, n óò rò pé ó di ọ̀la; bí ọ̀la bá dé, yóò tún jìnnà padà. Físíò ń sọ pé mò ń gbìyànjú. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn físíò láti sọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Bàbá àgbà tú u kúrò lọ́rùn ọwọ́ mi, wọ́n ní kí n fi ìka dì í mú. Mo dì í mú. N kò kà á sí nǹkan kan. Físíò ní, "Ẹ mú ọwọ́ yẹn kúrò nínú àpò. Ẹ máa fi bu omi, ẹ máa fi gbé ṣíbí." Mo ní mo ti gbọ́, mo sì dá a padà sínú àpò.

Mo rí ohun kan, n kò wádìí rẹ̀. Àkísà tí Bàbá àgbà fi wé orí tiwọn ń nípọn sí i. Mo rò pé rọ́bà ń dùn wọ́n lọ́wọ́. Mo rò pé mò ń pa arúgbó lórí ọwọ́ tó ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú sánmọ̀ ṣú, mo jù ú sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

"O sinmi lánàá."

"Bàbá, ọwọ́ yìí ti kú. Bí rọ́bà yìí ṣe le lọ́jọ́ kìíní ló ṣe le lónìí. Kí lẹ rí tí ẹ fi ń yọ ara yín lẹ́nu? Ẹ jẹ́ kí èmi náà máa bá Ìyá Rọ̀fíà lọ."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé n óò sọ ọ́ jáde. Wọn kò bínú. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, wọ́n kúnlẹ̀, mo gbọ́ tí orúnkún wọn dún. Wọ́n he rọ́bà náà nílẹ̀, wọ́n gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n fi orí tèmi sí mi lọ́wọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ tiwọn pa ìka mi dé mọ́ ọn. Ojú wọn kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ sí tèmi. N kò tíì rí omi lójú wọn rí, àfi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, "Mo sin bàbá rẹ. Mo sin ìyàwó rẹ. N kò ní okun láti sin ìwọ. Fà á."

Mo fà á.

Ọjọ́rú ni wọ́n kú. A jókòó láàárọ̀ bí a ti máa ń ṣe. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, mo fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí a dé ogún, wọ́n ní, "Ó tó." Wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ni a ti gbé e dé nígbà náà, a kì í dín in. Mo wo ojú wọn, wọ́n sì mi orí. Wọ́n tú ọwọ́ kúrò, wọ́n ká rọ́bà jọ fúnra wọn, wọ́n gbé e síbòòji, wọ́n lọ dùbúlẹ̀. Kí ìpè ìrun àìlà tó dún, wọ́n ti lọ. "Ó tó" ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ kẹ́yìn. Mo gbà á bí ìdájọ́. Mo rò pé àwọn náà ti rí i pé ọwọ́ kò jí.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ gba ilẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Rọ́bà náà wà níbi tí wọ́n gbé e sí. Mo fẹ́ tú àkísà etù náà kúrò kí n lè fọ̀ ọ́, kí n fi pamọ́, nítorí ọwọ́ wọn ló di í mú. Mo tú ìpele kìíní, mo tú ìkejì. Kókó kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tún tú u, mo rí òmíràn. Kókó méje ni, wọ́n le, wọ́n jókòó ti ara wọn bí èkùrọ́.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Kékeré, àbúrò bàbá mi, tó máa ń gbọ́únjẹ fún Bàbá àgbà. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wò ó, ó sì tún tẹjú mọ́ ẹ̀wà rẹ̀.

"Ṣé o kò mọ̀ ni?" ni ó wí. "Bí ó bá ti fẹ́ kan àyà rẹ báyìí, wọ́n á dúró kí o wọlé lọ wẹ̀. Wọ́n á wá ta kókó kan sí i, kó kúrú, kó tún le sí i. Wọ́n á tún aṣọ wé e."

"Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi?"

"Mo bi wọ́n. Ọmọ físíò náà bi wọ́n, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Wọ́n ní láti kékeré lo ti máa ń wo òkúta."

Mo padà sábẹ́ àtíbàbà. Mo tú kókó méjèèje, ó gba eyín àti ìka. Mo so orí tiwọn mọ́ òpó, mo jókòó sórí àpótí, mo fà á. Kò wúwo rárá. Ó kan àyà mi bí ìgbà tí ènìyàn fa òwú kan ṣoṣo. Mo jù ú sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ náà sókè lófo. Ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó gòkè kọjá èjìká, ó dé etí, ibi tí à ń gbé e dé bí a bá fẹ́ kírun.

Nígbà náà ni mo rántí sàréè. Ọwọ́ yìí ìbá bu yẹ̀pẹ̀ náà. Bóyá ìdajì rẹ̀ ìbá dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbá bu ú. Ó wà nínú àpò. N kò dán an wò. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi jí ọwọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ òsì ni mo fi sin wọ́n. Kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀ kó dá ọjọ́ náà padà fún mi.

Mo tún kókó méje náà ta. Láti ìgbà náà, òpó ló ń di orí kejì mú. Òpó kì í ka tẹ̀sùbáà. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, òpó kò ní kúnlẹ̀ he é. Ìgbà mìíràn wà tí mo jókòó síbẹ̀ tí oòrùn fi ga, tí n kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ta kókó kẹjọ. N kò tíì lè fà á dé àyà.